Fífa Ọsán: Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nínú Ìlù

(Ìyáàlù dùndún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lu ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dákẹ́.)

  

Awọ kan ṣoṣo ni onílù tí ẹ gbọ́ yẹn lù. Kò pààrọ̀ ìlù, kò sún kúrò lójú kan, kọ̀ǹgọ́ kan náà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Síbẹ̀, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. Kí ló yí padà? Ìbéèrè yìí dà bí ohun kékeré létí, àmọ́ ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kí olórin kan tó dìde láti dán an wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lálẹ́ yìí ni pé ọwọ́ àwọn olórin àti àwọn onílù ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ìró ti ṣẹ̀. Wọn kò jókòó ti sáyẹ́ǹsì bí àlejò. Àwọn ni onílé. Ìlù tí à ń ná owó fún lóde ìnáwó, irinṣẹ́ ìwádìí ni, ó sì tọ́ kí àwọn ọmọ wa rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ ìlù, awọ náà á wọnú, á ta padà síta, á tún wọnú, á tún jáde, kíákíá débi pé ojú kò lè bá a lọ. Bó ṣe ń jáde ló ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ló ń fún un láyè. Afẹ́fẹ́ yìí á ti èkejì rẹ̀, ìyẹn náà á ti èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé inú etí wa. Lọ́jọ́ tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bíi mítà 343 ni ìró ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá dúró lókèèrè réré sí ibi tí wọ́n ti ń lu ìlù, ẹ ó rí i tí ọwọ́ onílù ti balẹ̀ kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Iye ìgbà tí awọ bá lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń kà. Orúkọ Heinrich Hertz, ọmọ Jámánì, ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí awọ bá lọ tó bọ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, Hertz 100 nìyẹn. Bí iye náà bá pọ̀, ohùn á ròkè. Bó bá dín, ohùn á lọ sílẹ̀. Etí ọ̀dọ́ tó le koko lè gbọ́ láti nǹkan bíi 20 títí dé 20,000, bí a bá sì ṣe ń dàgbà ni apá òkè rẹ̀ ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohùn tí àwọn ẹgbẹ́ olórin káàkiri ayé fi ń mú ohun èlò wọn bára mu jẹ́ 440. Ìpàdé kan tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939 ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: bí iye kan bá di ìlọ́po méjì, etí wa máa ń gbọ́ ọ bí ohùn kan náà tó gun òkè. Nígbà tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá jọ ń kọ orin kan náà, tó sì bára mu, ìlọ́po méjì iye ti bàbá ni ti ọmọ sábà máa ń jẹ́. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí rírìn láti dóò ìsàlẹ̀ dé dóò òkè.

Ó wá kan ìtàn alágbẹ̀dẹ. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ń sọ pé Pythagoras, onímọ̀ ìṣirò, ń kọjá lẹ́bàá ilé arọ lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ tí ìró àwọn òòlù ń bára wọn mu. Ó wọlé, ó wọn àwọn òòlù náà, ó bá wọn ní ìwọ̀n 12, 9, 8 àti 6. Ìyẹn ni pé èyí tó wúwo ní ìlọ́po méjì ń dún ní dóò ìsàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ń dún ní dóò òkè. Ìtàn náà fi kún un pé nígbà tó délé, ó so irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ okùn, ohùn tó rí kò sì yàtọ̀.

Ìtàn tó dùn ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nílé arọ rí mọ̀ pé ìró òòlù kì í tẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀ lọ́nà yẹn. Ti okùn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nítorí pé orúkọ ńlá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìwé ń da á kọ láti ara ìwé, ọ̀rúndún lẹ́yìn ọ̀rúndún, kò sì sí ẹni tó so ẹrù rọ̀ mọ́ okùn kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó ṣe é ni Vincenzo Galilei, ọmọ Ítálì. Olórin ni. Ó ń ta lute, ohun èlò olókùn kan tó jọ gìtá, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orin. Ó so ẹrù mọ́ okùn, ó ta á, ó pààrọ̀ ẹrù, ó tún ta á. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé bí a bá fẹ́ kí ohùn okùn kan kúrò ní dóò ìsàlẹ̀ dé dóò òkè, ẹrù ìlọ́po méjì kò lè gbé e débẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1589. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Galileo, tí wọ́n bí lọ́dún 1564, ti pé ọmọ ọdún 25 nígbà náà. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó gbé awò sójú wo ọ̀run, tí kò gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbọ́ láìdán an wò. Lójú tèmi, ibi tí ọmọ ti kọ́ ìwà yẹn kò jìnnà. Inú ilé tí bàbá ti ń so ẹrù mọ́ okùn lute ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ní 1636, àlùfáà ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Marin Mersenne kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan nípa orin, ó sì fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ tí a ṣì ń lò títí dòní. Bí okùn bá kúrú sí ìdajì, iye Hertz rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí a bá fa okùn le sí i, ohùn á ròkè, ṣùgbọ́n agbára ìlọ́po mẹ́rin ló ń mú iye náà di ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po mẹ́sàn-án ló sì ń mú un di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, okùn tó wúwo ń dún nísàlẹ̀, okùn tó fúyẹ́ ń dún lókè.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ onílù wa, nítorí awọ náà ń tẹ̀ lé irú òfin yìí.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká òsì, ìlù náà sì sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀. Awọ wà lójú méjèèjì. Láti ojú kan dé èkejì ni wọ́n ti fi okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀, yí ìdí ìlù náà ká níbi tó ti súnkì láàárín. Ọsán nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ló di kọ̀ǹgọ́ mú, ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọsán. Bó bá fún ọsán mọ́ra, awọ ojú méjèèjì á le, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, awọ á dẹ̀, ohùn á balẹ̀. Igi ìlù kò mì, awọ kò pààrọ̀, fífà nìkan ló yí padà. Òfin kejì ti Mersenne ni ọwọ́ òsì náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní awọ ń dún ní 100 nígbà tí ọsán dẹ̀, onílù sì fẹ́ kó dún ní 150. Ìlọ́po kan àti ààbọ̀ nìyẹn nínú ohùn. Nínú agbára tó ń fa awọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá fẹ́ 200, agbára náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ohùn ṣe ń gòkè tó ni iye agbára tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ fi kún un ń pọ̀ sí i. Onílù ń ṣe èyí fún sílébù kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ènìyàn, nígbà mìíràn mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń bá ijó lọ, ó ń wo ojú ẹni tó ń kì. Bó bá fún ọsán jù díẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà, àwọn tó gbọ́ ìlù á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní àkókò mìíràn, lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti kúrò lórí awọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọsán, kí ohùn náà lè gòkè wọ́ọ́rọ́ bí ohùn òkè wa ṣe ń gòkè nígbà tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀.

Òfin yòókù náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Kànnàngó kéré ju gángan lọ, gángan kéré ju ìyáàlù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn wọn ṣe ń ti òkè bọ̀ wá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kan ìlù kì í fi awọ tó nípọn sójú ìyáàlù; awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wá, nítorí awọ tó fẹ́lẹ́ tó sì fúyẹ́ ló ń dáhùn kíákíá bí ọsán bá fà á. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, tí awọ mu omi, tó sì dẹ̀, ẹ ó rí onílù tó ń sá ìlù rẹ̀ sóòrùn tàbí tó ń yá a níná kó tó jáde. Kò sí ẹni tó kà á sí sáyẹ́ǹsì, àmọ́ omi tó wọ awọ tí onílù fẹ́ lé jáde yẹn, ó ń mú kí awọ wúwo, ó sì ń dín fífà rẹ̀ kù, ohun méjèèjì tí Mersenne sọ pé ó ń fa ohùn wálẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá síbi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù.

Okùn máa ń dún létòlétò. Bí okùn bá ń dún ní 100, àwọn ohùn kéékèèké mìíràn wà lókè rẹ̀ tó ń dún pọ̀ mọ́ ọn: 200, 300, 400, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ló jẹ́ kí etí lè sọ pé ohùn báyìí ni gìtá ń ta. Awọ tó yípo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awọ lásán bá ń dún ní 100, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dún ní nǹkan bíi 159, 214, 230, 265. Wọn kò bára wọn tò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlù kò fi ní ohùn kan pàtó tí ènìyàn lè kọrin tẹ̀ lé. Gbì ni à ń gbọ́.

Ernst Chladni, ọmọ Jámánì, ni ó jẹ́ kí ojú rí ohun tí etí ń gbọ́ yìí. Ó wọ́n iyanrìn wẹ́wẹ́ sórí irin pẹlẹbẹ, ó fi ọrun fayolíìnì fa etí irin náà. Iyanrìn sá kúrò níbi tí irin ti ń gbọ̀n, ó lọ kó jọ síbi tí kò mì, ó sì ya àwòrán: ìlà, òbìrí, ìràwọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1787. Ní 1809 ó ṣe é níwájú Napoleon ní Párísì, wọ́n sì kéde ẹ̀bùn fún ẹni tó bá lè fi ìṣirò ṣàlàyé àwọn àwòrán náà. Obìnrin kan, Sophie Germain, ló gbà á lọ́dún 1816, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò gbà wọlé nítorí pé obìnrin ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà dé orí ìlù gan-an ni C. V. Raman, ọmọ Íńdíà. Ayé mọ̀ ọ́n nítorí ẹ̀bùn Nobel tó gbà lọ́dún 1930 lórí ìmọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ìlù ìlú rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Àwọn onílù Íńdíà máa ń fi ohun dúdú kan lẹ àárín awọ tabla àti mridangam, ìpele lórí ìpele. Raman àti ẹnì kejì rẹ̀, Sivakali Kumar, tẹ̀wé nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1920 pé ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ló ń to àwọn ohùn kéékèèké tó fọ́n káàkiri lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fi wá ń dún ní 1, 2, 3, 4, 5 bíi ti okùn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi kún àárín awọ ń fa àwọn kan wálẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ, títí gbogbo wọn yóò fi bára mu. Kò sí ìwé ìṣirò lọ́wọ́ àwọn onílù náà. Etí wọn ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi ń há a kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù bàtá, ọkàn yín á ti sáré síbi tí mo ń lọ. Àwa náà ní ìda. Ojú òjò ìyáàlù bàtá, ìyẹn ojú tó tóbi, ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gúdúgúdú náà ní tirẹ̀ lórí awọ. Ìda ń mú awọ wúwo, ó ń fa ohùn wálẹ̀, ó sì ń pa ariwo àwọn ohùn kéékèèké tí kò wúlò, kí ohùn tí onílù ń wá lè yọ gedegbe. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé rẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn onílù bàtá ní Havana àti Matanzas ṣì ń lẹ ìda mọ́ ojú ìyá ìlù, orúkọ ìda náà sì ni wọ́n ń pè é. Ìmọ̀ bí ohùn awọ ṣe ń ṣiṣẹ́ rékọjá òkun nínú orí àti ọwọ́ àwọn tí wọn kò gbà láyè láti kó ẹrù kankan dání. Ó wù mí púpọ̀ kí ọmọ Yorùbá kan tó ń ka físíìsì ní yunifásítì mú ìda bàtá wọ inú yàrá ìwádìí, bí Raman ṣe mú ìlù ilé rẹ̀ wọ ọ́ ní ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn.

(Bàtá dún fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 20.)

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ìlù ń tẹ̀ lé: dò, re, mí. Ṣùgbọ́n ilé, owó, ayé, iṣẹ́, gbogbo wọn re-mí ni. Bí onílù bá lu re-mí lásán, èwo nínú wọn ló sọ? Kò sí ẹni tó lè mọ̀. John Carrington, ajíhìnrere ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Kóńgò, pàdé ohun kan náà láàárín àwọn Kele, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1949. Ó ṣàlàyé pé oṣù ojú ọ̀run àti adìẹ ní ohùn kan náà lórí ìlù wọn, nítorí náà onílù kì í sọ oṣù nìkan. Yóò sọ pé oṣù tó ń wo ayé láti òkè. Kì í sọ adìẹ nìkan. Yóò fi igbe adìẹ kún un. Gígùn gbólóhùn ló ń yọ ìdàrúdàpọ̀ kúrò. Ní ọdún tó ṣáájú ìwé Carrington, 1948, Claude Shannon, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò hàn pé bí ariwo bá wà lójú ọ̀nà, àfi kí a fi àfikún sínú iṣẹ́ tí à ń rán kó tó lè dé láìbàjẹ́. Lórí ìmọ̀ yẹn ni fóònù àti kọ̀ǹpútà wa dúró. Ìdí kan náà ni ìyáàlù kì í fi í pe ènìyàn ní orúkọ kúkurú lásán lóde. Oríkì ni yóò kì, látòkèdélẹ̀, kí ẹni tí à ń pè lè mọ ara rẹ̀ láàárín ariwo àpèjẹ.

Lọ́dún 2021, Cecilia Durojaye, onímọ̀ orin tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé dùndún sórí ẹ̀rọ. Wọ́n fi ohùn ẹnu àti ohùn ìlù wéra, wọ́n sì rí i pé ìlù ń tẹ̀ lé ohùn àti àkókò sílébù ọ̀rọ̀ tímọ́tímọ́. Wọ́n tún mú kí àwọn ènìyàn gbọ́ ìlù kí wọ́n sọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń kọrin. Àwọn tó mọ dùndún mọ̀ ọ́n jù, kò sì yani lẹ́nu. Èyí tó wú mi lórí ni pé àwọn tí kò gbọ́ ìlù yìí rí náà ń mọ̀ ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí àmì rẹ̀ wà nínú ìró fúnra rẹ̀.

Ohun kan kù tí n kò lè ṣàìmẹ́nu kàn, ìyẹn agogo. Ìlù agogo kan wà tí àwa Yorùbá mọ̀, tí àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò mọ̀, tí wọ́n sì ń lù níbi bembé ní Kúbà. Ẹ pín àkókò rẹ̀ sí ọ̀nà 12. Ìgbà 7 ni a ó lù ú, ìgbà 5 ni a ó dákẹ́. Báyìí ló ṣe ń lọ: kọ́, sinmi, kọ́, sinmi, kọ́, kọ́, sinmi, kọ́, sinmi, kọ́, sinmi, kọ́. Godfried Toussaint, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì McGill ní Kánádà, tẹ̀wé lọ́dún 2005 pé ọ̀nà ìṣirò tí Euclid ará Gíríìsì kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù lè bí ìlù yìí àti ọ̀pọ̀ ìlù Áfíríkà mìíràn. Ohun tí ìṣirò náà ń ṣe níbí ni pé ó ń tú 7 ká sínú 12 kí wọ́n jìnnà síra wọn bó ti lè ṣeé ṣe tó. Irú ìṣirò yẹn náà ni wọ́n fi ń pín àkókò iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tú nútírọ́ọ̀nù jáde ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà.

Bí kíbọ́ọ̀dù bá wà nítòsí yín, ẹ lọ síbi dóò. Ẹ ka bọ́tìnì 12 láti ibẹ̀, funfun àti dúdú, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan. Ní gbogbo ibi tó bá ti jẹ́ funfun, ẹ ní kọ́. Ní gbogbo ibi tó bá ti jẹ́ dúdú, ẹ dákẹ́. Agogo náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ara yín, láìyẹ̀.

(Agogo dún ní ìgbà mẹ́rin.)

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, òfin Mersenne ni àwọn ọmọ ń há sórí láti ojú pátákó, tí wọn kò sì gbọ́ ọ rí. Ó dùn mí. Ohun tí a fi ń gbọ́ ọ kò wọ́n. Ẹ wá okùn tí àwọn apẹja fi ń so ìwọ̀, èyí tó nípọn. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ ìṣó lórí tábìlì, ẹ fi igi kéékèèké méjì gbé e sókè kó má bàa fara kan tábìlì, ẹ jẹ́ kí orí kejì rọ̀ wálẹ̀ létí tábìlì. Ẹ so píọ̀ wọ́tà kan mọ́ ọn nínú ọ̀rá tó lágbára. Ẹ ta okùn náà láàárín igi méjèèjì. Ẹ fi fóònù wọn iye Hertz rẹ̀. Phyphox, tí yunifásítì kan ní Aachen ní Jámánì ṣe, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ wá sọ píọ̀ wọ́tà náà di mẹ́rin, kí ẹ má sún igi, ẹ tún ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, iye kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní, ìkẹta á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ pe onílù àdúgbò yín wọlé pẹ̀lú dùndún rẹ̀, kí àwọn ọmọ gbé ọwọ́ lé ọsán lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè lójú fóònù. Ẹ bi onílù náà pé báwo ló ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé físíìsì wọn, lábẹ́ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fèrè la ó gbé wá, a ó sì wo bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń dún. 

(Ìyáàlù dún, ó sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)